Alágbàfọ̀ Ẹnu Géètì

Ọdún kẹtàlélógún rèé tí mo ti ń lọ aṣọ
lẹ́nu géètì bárékè yìí, ní Yábàá,
níbi tí rélùwéè ti ń mi ògiri mi lálaalẹ́.
Mi ò bá wọn ṣígun rí. Mi ò mọ bí wọ́n ti ń ki ìbọn.
Ṣùgbọ́n ẹ bi mí bí ogun ìlú yìí ti tò,
bọ́tìnnì ni màá fi ṣàlàyé.

Apá òfìfo, ọmọ ogun tuntun nìyẹn:
òógùn lọ́rùn aṣọ, erùpẹ̀ lórúnkún.
Okùn kan, okùn méjì, okùn mẹ́ta;
bí okùn ti ń pọ̀ lápá ni erùpẹ̀ ń dín lórúnkún.
Tó bá di ìràwọ̀ lórí èjìká,
abíyá nìkan ló ń dọ̀tí.
Tí ẹyẹ idì bá wá bà lé e,
ọmọ ọ̀dọ̀ ní ń gbé aṣọ náà wá. Mi ò rí ẹni tó ni ín mọ́.

Ti ojú omi, láti Àpápá, funfun ni,
funfun tí ń wá ìjà: ẹ̀kán epo kan, wàhálà dé.
Ti òfuurufú, láti Ìkẹjà, aró ni,
wọn a ní kí n rọra, bí ẹni pé ojú ọ̀run ni mò ń lọ̀.

Sájẹ́ǹtì Dánládì sọ fún mi nígbà kan,
"Baba, ọwọ́ làwa. Orí wà níbòmíràn."
Mo ní níbo?
Ó nàka sí ọ̀nà Ọbáléńdé,
ó wá rántí pé wọ́n ti kó olú-ìlú lọ,
ó sún ìka náà sókè díẹ̀.

Ọwọ́. Ó dáa. Mo ti rí iṣẹ́ ọwọ́ náà.
Ọdún tí ilé alájà mẹ́ta wó lẹ́yìn ilé-ìwé,
ìka ni wọ́n fi wú búlọ́ọ̀kù, ìka lásán,
títí igbe ọmọ fi jáde lábẹ́ rẹ̀.
Aṣọ mọ́kànlá ni mo fọ̀ lóru ọjọ́ náà,
gbogbo rẹ̀ funfun fún símẹ́ǹtì. Mi ò gba kọ́bọ̀.

Ọdún kejì, okùn méjì kan náà, ìgbànú kan náà,
wọ́n da ọlọ́kadà kan dojú bolẹ̀ níwájú ìyàwó rẹ̀,
nítorí ṣòkòtò òkìríkà tó fara jọ tiwọn.
Ẹ̀jẹ̀ wà lápá aṣọ tí wọ́n gbé wá.
Omi tútù ni wọ́n fi ń fọ ẹ̀jẹ̀, ẹ má fi gbígbóná.
Mo fọ̀ ọ́. Mo lọ̀ ọ́. Mo gba owó mi.
Mi ò tíì sọ ìyẹn fún ẹnikẹ́ni.

Ajá tí a fi ń ṣọ́lé,
eyín rẹ̀ kò gbọdọ̀ kú,
kò sì gbọdọ̀ bá ẹsẹ̀ onílé jà.
Ta ló wá ń kọ́ ọ ní ìyàtọ̀?

Kọ́pùrà Fátúrótì gbé aṣọ kan sílẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì kan,
ó ní wọ́n ń kó àwọn lọ sókè lọ́hùn-ún, níbi ogun.
"Baba, ẹ lọ̀ ọ́ kó le, kó lè dá dúró."
Òjò ọdún méjì ti rọ̀ kọjá.
Nọ́ńbà rẹ̀ wà nínú ọrùn aṣọ, íǹkì ti ń ṣá.
Mo bèèrè ní géètì. Ọmọ tó wà níbẹ̀ kò mọ̀ ọ́n,
ó ní kí n lọ sí ọ́fíìsì.
Ọ́fíìsì wo?
Ó ní èyí tó wà lókè tòun.

Ìyàwó rẹ̀ wá lẹ́ẹ̀kan. Kò bèèrè aṣọ.
Ó wá wò ó bóyá ọkọ òun jẹ mí lówó.
Mo ní rárá.
Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà ló jẹ.

Gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni mò ń sọ ọ́ kalẹ̀,
mà á wọ́n omi sí i, mà á ko èédú sínú áyọ́ọ̀nù.
Lánàá mo fi kún sítáàṣì rẹ̀,
mo gbé e lé àga níta kó gbẹ.
Ó jókòó.
Ọmọdé kan tó ń ti ilé-ìwé bọ̀ dúró, ó kí i:
"Ẹ kú iṣẹ́, sà."